Ọmọ Tí Mo Bá Nílé Màmá Dọ̀rísì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kan ọmọ mi, ó ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó wọ bàtà òjò aláwọ̀ ewé nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni òjò kankan ò rọ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, ó sì ń wo èmi àti ọkọ mi bí oníbàárà ṣe máa ń wo ẹja tí kò dá a lójú pé òní ni wọ́n pa á. Ó wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí obìnrin àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní:

"Mi ò fẹ́ wọn."

Bí a ṣe pàdé nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbọ́ irú ìtàn báyìí máa ń retí pé kí ọmọ náà na ọwọ́, kó sáré, kó dì mọ́ ìyá tuntun. Lílì ò dì mọ́ ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀yìn obìnrin yẹn ló sá sí, ó fi orí bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, àfi bàtà òjò méjèèjì nìkan là ń rí.

*

Mahintẹ̀dó ni mo ti wá, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí omi ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Orí òpó igi ni ilé wa dúró sí. Afárá pákó ló so ilé wa pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, a sì ti mọ ọkọ̀ wà kí á tó mọ orúkọ wa kọ. Bàbá mi ń pẹja, ìyá mi ń yan án, bí kò bá sì yan ẹja, ẹní ló ń hun. Títí dòní, bí mo bá ń rántí ìyá mi, ìka ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, bó ṣe ń kọjá lórí, tó ń kọjá lábẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀.

Mi ò ní fi ìrìn àjò dá yín lágara. Ẹni tó bá ti rìn ín rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín, ìtàn ò lè rìn ín fún un. Ohun tí mo rántí ni òru àkọ́kọ́ tí mi ò gbọ́ omi lábẹ́ ilẹ̀ tí mo sùn lé. Ilẹ̀ wọn níbẹ̀ le gbagidi, kì í mì, kì í dún. Mo dùbúlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé lé orí àpáta. Ọkọ mi ti ṣáájú mi dé ibẹ̀ ní ọdún méjì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi náà máa mọ́ ọn lára. Ará Odé Ugbò ni ọkọ mi, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá sọ kì í sábà yẹ̀.

Ìlú kan létí òkun ni a ń gbé, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń gba etí kan wọlé bí ẹni pé ó fẹ́ gba ìkejì jáde. Bọ́ọ̀sì ni ọkọ mi ń wà. Èmi, nígbà tí mo wáṣẹ́ wáṣẹ́, ta ni mo bá pàdé? Ẹja! Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja, tí wọ́n ń dì í sínú páálí, ni wọ́n ti gbà mí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sá fún ẹja láti Mahintẹ̀dó, mo wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹja ti débẹ̀ ṣáájú mi.

Ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tí imú rẹ̀ máa ń pọ́n bí ata, fi ọ̀bẹ lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n má bẹ̀rù, òun máa kọ́ mi. Mo ní ó dáa. Mo gba ẹja kan, mo la ikùn rẹ̀, mo yọ eegun àárín rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo tẹ́ ẹran rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó wo ẹja, ó wò mí. Ó ní, "Níbo lo ti kọ́ eléyìí?" Mo ní, "Lọ́dọ̀ ìyá mi." Kó tó di oṣù kejì, èmi ni wọ́n ń mú àwọn òṣìṣẹ́ tuntun wá bá. Ó lè má jọ nǹkan kan lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀, kí ọwọ́ ẹni máa sọ ọ̀rọ̀ já gaara, ohun ńlá ni.

*

Oyún méjì ló bà jẹ́ lára mi níbẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èkejì, dókítà fa àga mọ́ mi, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kó má sí ẹ̀kẹta.

Ìyá mi máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Á yí fóònù sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, wọ́n á sì máa kí mi lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ìyá Ìbejì, ṣé àlàáfíà ni? Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o!" Àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń wẹ̀ nínú odò ti di Ìyá Tósìn, Ìyá Dámilọ́lá; èmi nìkan ni orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí jẹ́ ti ọmọ tí kò tíì sí. Mo ń dáhùn. Bí mo bá sì ti gbé fóònù sílẹ̀, màá jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún ìgbà díẹ̀.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ìyàwó, àwọn ọmọ wà nílùú yìí tí kò sẹ́ni tó máa tọ́ wọn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e bọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo ní, "Bí wọ́n bá fún wa ní ọmọ tí kò fẹ́ràn wa ńkọ́?" Ó ní, "A ó máa fẹ́ràn òun ná."

Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó gbà fún wa. Obìnrin tí ìjọba yàn fún ọ̀rọ̀ ọmọ wá sílé wa tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ìwọ̀n ṣúgà tó ń fi sí tíì. Ó béèrè bí wọ́n ṣe tọ́ wa, bí wọ́n ṣe ń nà wá, ohun tí a máa ń ṣe bí inú bá ń bí wa. Ó wo àtẹ̀gùn, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo ibi tí a ń kó ọ̀bẹ sí. Nígbà tó yá, ó mú àwòrán ọmọbìnrin kan wá. Òyìnbó ni ìyá tó bí i, ènìyàn dúdú ni bàbá. Irun orí rẹ̀ rí wúruwùru bí ìtẹ́ ẹyẹ. Kò rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà rárá. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rò ó lọ́kàn mi pé: ọmọ yìí ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ jẹ.

*

Mo wá gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá mi.

"Màmá, a fẹ́ gba ọmọ kan."

"Gbà á báwo? Kó wá máa bá yín gbé?"

"Kó di ọmọ wa ni."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ wa, Màmá."

"Mo ní ta ló bí i?"

Mo sọ ìwọ̀nba tí mo lè sọ: pé ìyá ọmọ náà wà láàyè, pé ara rẹ̀ ò dá tó láti tọ́ ọmọ, pé ilé ẹjọ́ ti dá sí i.

"Ọjọ́ tí ara ìyá rẹ̀ bá wá yá ńkọ́, tó ní kí wọ́n kó ọmọ òun fún òun?"

"Òfin ò gbà á bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Òfin!" Ó pariwo débi pé mo gbé fóònù jìnnà sí etí. "Ṣé òfin ló máa sọ ẹ̀jẹ̀ di omi? Àwẹ̀ wo ni mi ò tíì gbà nítorí rẹ? Ṣé o wá fẹ́ sọ fún Ọlọ́run pé kó má ṣe ìyọnu mọ́ ni?"

Ó pa fóònù. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò pè. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, kò pè. Bí mo bá pè é, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń gbé e, á ní ìyá ti bọ́ sínú ọkọ̀, tàbí pé ìyá ń sùn.

Inú bí mi sí i. Mo ń rò ó lórí ìdúró, bí mo ti ń gé ẹja: nílé wa gan-an, ọmọ mélòó ni a jọ jẹun nínú abọ́ kan tí kì í ṣe ìyá mi ló bí wọn? Ọmọ ẹni tó rì sómi, ọmọ ẹni tó lọ sí ìlú òkè tí kò padà wá, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kó kàn wá sun oorun ọjọ́ méjì tó sì lo ọdún mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo rí ohun tó ń ba ìyá mi lẹ́rù. Gbogbo wa la mọ ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè tọ afárá padà lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ tí èmi ń sọ yìí, ìwé ni a fẹ́ fi gbà á, a fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà, ìyá mi ò sì mọ ará ilé rẹ̀ kan ṣoṣo tó lè kí. Lójú tirẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá já ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kúrò ní èèkàn.

Mo rí ìbẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yí ọkàn padà.

*

Obìnrin tí Lílì fi orí bọ abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ń jẹ́ Dọ̀rísì. Òun ni ìjọba gbé Lílì fún láti bí ọdún méjì, kó máa tọ́ ọ títí wọn yóò fi rí ẹni tó máa gbà á pátápátá. Ó ti tó ọmọ àádọ́rin ọdún, ó ga, ó rí gbọ̀ngbọ̀n, ohùn rẹ̀ sì ha bíi ti ẹni tó ń pe èrò sínú ọkọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Dọ̀rísì, títí kan Lílì. Ẹnu mi ò gbà á. Mo pè é ní Màmá Dọ̀rísì. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Màmá ta ni? Mi ò bímọ rí o."

Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe àgbà lọ́dọ̀ wa. Ó ronú sí i díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Máa pè mí bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí Lílì sọ pé òun ò fẹ́ wa, Màmá Dọ̀rísì ò bá a wí, kò sì bẹ̀ ẹ́.

"Kò burú. Kò di dandan kó o fẹ́ wọn lónìí. Ṣé wọ́n lè mu tíì ṣá?"

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ ẹ̀wù lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan: "Wọ́n lè mu tíì."

A bá jókòó, a mu tíì. Ọkọ mi kúrò lórí àga, ó lọ jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ jọ bí ẹni wà nínú ọkọ̀ kékeré. A ti ṣe ìwé àwòrán kan ránṣẹ́ sí Lílì tẹ́lẹ̀, àwòrán tiwa, ti ilẹ̀kùn ilé wa, ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti ti bọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, ó yọ orí síta.

"Ṣé ìwọ lo ń wa bọ́ọ̀sì yẹn?"

"Èmi ni," ni ọkọ mi wí.

"Nọ́ńbà mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Mi ò fẹ́ràn mẹ́rin. Méje ni mo fẹ́ràn."

Ọkọ mi mi orí bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì. "Màá sọ fún ọ̀gá mi."

Ó kù díẹ̀ kó rẹ́rìn-ín. Mo rí i. Ṣùgbọ́n èmi, kò bá mi sọ̀rọ̀ kankan. Nígbà tí wákàtí kan pé, tí a dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ láti sọ pé ó dàbọ̀, ó tún wọ abẹ́ ẹ̀wù lọ. A dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, mo wá ń sunkún, mi ò lè dá a dúró. Ọkọ mi gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Ó ṣáà ní a lè mu tíì," ló wí.

*

Wọ́n ṣètò pé kí a máa lọ lójoojúmọ́, kí àkókò náà sì máa gùn díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìgbín kan hàn mí nínú ọgbà. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n wẹ̀ fún un, ó sì figbe ta títí àwọn ará ilé kejì fi yọjú lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí òun àti ọkọ mi ń to búlọ́ọ̀kù sórí ara wọn, Màmá Dọ̀rísì mú mi lọ sókè, ó gbé ìrọ̀rí ọmọ náà kúrò.

Èèpo búrẹ́dì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Bísíkíìtì tí wọ́n ti gé jẹ wà níbẹ̀. Nínú ìbọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dùnkún bíbọ̀ kan wà tó ti gbẹ.

"Níbi tó ti wá," ni Màmá Dọ̀rísì wí, "ọjọ́ mìíràn oúnjẹ wà, ọjọ́ mìíràn kò sí. Kò tíì gbàgbé. Bí mo bá kó o dànù, kò ní sùn. Bí ó bá bàjẹ́, mo máa ń fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀. Má bá a wí o."

Mo di ìbọ̀sẹ̀ yẹn mú. Mo ti rí ebi rí, a ti rí ọdún tí òkun kọ̀ tí kò fún wa ní nǹkan, ṣùgbọ́n mi ò rí ọmọ rí tó ń dá ṣọ́ oúnjẹ ara rẹ̀ bí àgbàlagbà.

Mo ra agbọ̀n kékeré kan lọ́jọ́ karùn-ún. Mo jókòó ti Lílì, mo kó èso àti búrẹ́dì sínú rẹ̀.

"Tìrẹ ni. Ibi tí ọwọ́ rẹ máa tó ni màá gbé e sí nílé wa. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án."

"Bí mo bá jẹ ẹ́ tán ńkọ́?"

"Màá tún kó o kún."

"Bí mo bá tún jẹ ẹ́ tán?"

"Màá tún kó o kún."

Mi ò lè ka iye ìgbà tó béèrè. Iye ìgbà tó béèrè náà ni mo dáhùn. Nígbà tó sú u, ó fi ìka kan tọ́ mi lọ́wọ́, níbi tí ọ̀bẹ ti gé mi rí níbi iṣẹ́, ó ní, "Ó dùn ẹ́?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bi mí nípa ara mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, mo pe ìyá mi láti fóònù ọkọ mi, ó sì gbé e torí kò mọ̀ pé èmi ni. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn sọ fún un nípa ìbọ̀sẹ̀ náà ni. Mo ń gbọ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kan tó ń kọjá lọ nídìí ilé wa lọ́hùn-ún.

"Nínú ìbọ̀sẹ̀?"

"Nínú ìbọ̀sẹ̀, Màmá."

"Ọmọ ọdún mẹ́rin?"

"Ọdún mẹ́rin."

Mo gbọ́ tó fọn imú.

"Kí lo wá ń dúró dè? Lọ gbé ọmọ náà wá sílé, jàre!"

*

Kò rọrùn. Mi ò ní parọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé wa, ó gé mi jẹ lápá. Gbogbo ohun tí mo bá ṣe, Dọ̀rísì kì í ṣe é báyẹn: bí mo ṣe ń dín ẹyin, bí mo ṣe ń pa iná, bí mo ṣe ń kọrin. Ó máa ń jẹ gbogbo ohun tó wà nínú agbọ̀n tán kí ọ̀sán tó pọ́n, inú á run ún, á bì, màá tún kó agbọ̀n kún. Nígbà mìíràn, màá lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, màá máa bi ara mi pé ta ló rán mi.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo fẹ́ kó nǹkan sínú agbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan níbẹ̀ tó ti dúdú. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Lílì ti gbàgbé rẹ̀. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sókè fún ọkọ mi bí ẹni gbé ẹ̀bùn, òun náà wò ó, ó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwa àgbàlagbà méjì jó nínú ilé ìdáná láìsí orin, nítorí oúnjẹ tó bàjẹ́.

Àárín oṣù yẹn ni àpò kan dé láti ilé, ọwọ́ ọ̀rẹ́ kan tó ń bọ̀ ni wọ́n fi rán an. Ẹní kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, kò ju ìwọ̀n ọmọdé lọ, òwú pupa àti dúdú sì wà létí rẹ̀. Mo pe ìyá mi níbi iṣẹ́, lákòókò ìsinmi ọ̀sán, pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù rọ́bà lọ́rùn.

"Kó máa jókòó lé e," ló wí. "Ọmọ mi ò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé òtútù. Mo sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Orímisàn ni. Orí rẹ̀ dára ló fi rìn dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣé o gbọ́, Ìyá Orímisàn?"

Mo gbé ọwọ́ tó ń rùn fún ẹja bo ojú. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ẹnìkan kú nílé wa.

Nígbà tí ọkọ mi ṣàlàyé orúkọ náà fún Lílì nírọ̀lẹ́, pé ó túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ dára, ó tẹ́wọ́ lé orí ara rẹ̀, ó ní, "Mo mọ̀." Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, òun ló sì ń yan èyí tí a máa pè é láàárọ̀.

Mo máa ń ronú lórí ohun tó ń sọ ènìyàn di ti ibì kan. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ìbí ni, tàbí ìwé, tàbí iye ọdún. Mo ti ní ìwé ìlú yìí, síbẹ̀ mo ṣì ń rìn ní òpópónà rẹ̀ bí àlejò tó ń wá ilé tí wọ́n júwe fún un. Ìgbà tí ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí mi lójoojúmọ́ nítorí bí mo ṣe ń dín ẹyin, tí ó sì tún padà wá jẹ ẹyin náà, ni mo tó mọ̀ pé mo ní ibi tí mò ń gbé.

*

Lẹ́yìn oṣù kẹta, wọ́n ní Màmá Dọ̀rísì lè wá kí wa. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni. Lílì sáré lọ bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó fà á káàkiri ilé, ó fi gbogbo nǹkan hàn án. Lẹ́yìn náà ni àwa àgbà jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, òun sì ń sáré yí wa ká. Mò ń da tíì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró ìṣubú. Ó ti fi orúnkún gbálẹ̀ lórí bíríkì.

Èmi àti Màmá Dọ̀rísì jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló sún mọ́ ọn jù. Kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ, ó sì ti na ọwọ́. Lílì dìde, ẹnu rẹ̀ là, igbe ò tíì jáde. Ó wo obìnrin náà, ó wò mí. Ló bá sáré. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tí wọ́n nà sí i, ó wá já lù mí níkùn, ìgbà yẹn ni igbe tó jáde.

Mo gbé e. Mo ń nu ẹ̀jẹ̀ àti iyanrìn kúrò lórúnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú obìnrin yẹn ni mò ń wò. Ó rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó padà jókòó. Ó gbé ife rẹ̀.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ló wí. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni mo ti tọ́. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ sá kọjá mi. Èyí tí kò bá sá kọjá mi, mi ò ṣiṣẹ́ mi dáadáa."

Ká tó mọ ohun tí a máa ṣe, fóònù dún. Ìyá mi ni, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó gbọ́ ẹkún, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí. Mo rò pé ó máa yọ̀.

"Obìnrin yẹn dà?" ló wí.

"Ó wà níbí."

"Gbé fóònù fún un."

"Màmá, kò gbọ́ èdè wa."

"Ṣé mo bi ọ́ bóyá ó gbọ́ ọ ni?"

Mo yí fóònù sókè, mo fi lé Màmá Dọ̀rísì lọ́wọ́. Ohùn ìyá mi jáde láti Mahintẹ̀dó, ó gba gbogbo ọgbà náà kan.

"Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú o! Ẹ kú àìsùn. Ẹ kú ìpamọ́ ọmọ. Ẹ kú ọwọ́ tó ṣófo. Ẹ kú àdánù, ẹ sì kú oríire!"

Màmá Dọ̀rísì gbójú sí mi. Mo la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, mo wá rí i pé èdè wọn ò ní "ẹ kú" tí wọ́n ń fi kí ènìyàn sórí wàhálà rẹ̀. Bí mo bá ní ó dúpẹ́, kì í ṣe ọpẹ́. Bí mo bá ní ó kẹ́dùn, kì í ṣe ẹ̀dùn nìkan. Mo ní, "Ó ní òun rí gbogbo ohun tí ẹ ṣe. Òun rí àwọn òru tí ẹ ò sùn. Òun sì rí ohun tí ẹ ń gbé lọ́kàn báyìí."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Kí ni mo máa fi dá a lóhùn?" ló bi mí.

"Ẹ kàn sọ pé, 'Oo.'"

"Ó," ni Màmá Dọ̀rísì wí, ó gé e kúrú bí ẹni tí nǹkan bá lójijì.

Lílì gbé orí kúrò léjìká mi. Ojú rẹ̀ ṣì tutù fún ẹkún, ikun ṣì wà nímú rẹ̀.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Dọ̀rísì," ló wí. Ó tẹ ọrùn sí fóònù, ó fa ohùn náà gùn, ó jẹ́ kó lọ sílẹ̀ kó tó gbé e sókè, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń dá ìyá mi lóhùn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi láìmọ̀ pé ẹnìkan ń gbọ́: "Oooo!"

Ẹ̀rín bú jáde lọ́hùn-ún, ti ìyá mi àti ti gbogbo ilé.

"Ta ló dá mi lóhùn yẹn?" ni ìyá mi ń pariwo. "Ta nìyẹn?"

Kí n tó lanu, ọmọ náà ti dáhùn, ní Yorùbá.

"Èmi ni."